Kí Ló Dé Tí Sinimá 1939 Fi Mọ́lẹ̀ Ju Ti 1982 Lọ?

Lọ́dún 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà tí tilé-toko mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Kí eré náà tó yí ìlú ká débi tí yóò fi kó owó tí wọ́n ná lé e lórí padà, àwọn oníṣòwò ayédèrú ti dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ti ń tà á káàkiri. Àdánù ńlá ni ó jẹ́ fún un. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Bàbá Sàlá dágbére fáyé ní Iléṣà.

Ẹni tó bá wá Ọ̀run Móoru sórí fóònù rẹ̀ lónìí, ẹ̀dà tó ti ara kásẹ́ẹ̀tì wá ló sábà máa ń bá pàdé. Ojú òṣèré dà bí ojú ẹni tó dúró sẹ́yìn èéfín. Àwọ̀ aṣọ ti ya wọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà wá ṣí Gone with the Wind lórí fóònù kan náà, sinimá olólùfẹ́ tí Hollywood gbé jáde ní 1939, tí Vivien Leigh àti Clark Gable ṣe. Ó fi ọdún 43 ju Ọ̀run Móoru lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Scarlett, ẹni tí Vivien Leigh ṣe, bá jáde nínú aṣọ àrán tí wọ́n fi kọ́tìnnì rán, àwọ̀ ewé rẹ̀ á mọ́lẹ̀ gbòò bí ẹni pé àná ni aláránṣọ gé okùn abẹ́rẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Báwo ni àgbà ṣe wá ń dán ju ọmọ lọ?

Ọ̀pọ̀ á dáhùn kíá pé owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè sọ kásẹ́ẹ̀tì di sinimá. Láti rí ìdáhùn tó yè kooro, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí sinimá jẹ́ gan-an, ohun tó ń jẹ ẹ́ run, àti ohun tí àwọn tó ń tún un ṣe ń wá kiri kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá.

Ìyá fọ́nrán àti àwọn ọmọ rẹ̀

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di fọ́nrán sinimá. Èkíní ni ike pẹlẹbẹ gígùn kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Èkejì ni jẹ́látíìnì tí wọ́n tẹ́ sórí ike náà. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù sílẹ̀ mọ́jú rí mọ jẹ́látíìnì dáadáa: bí ọbẹ̀ náà bá tutù, á dì, á sì máa gbọ̀n bí a bá fọwọ́ kàn án. Láti ara awọ àti eegun ẹran ni wọ́n ti ń fa ti fọ́nrán náà yọ. Ẹ̀kẹta ni àwòrán fúnra rẹ̀, tó há sínú jẹ́látíìnì yìí. Nínú sinimá dúdú-òun-funfun, wóró fàdákà tín-ín-tìn-ìn-tín ni. Nínú sinimá aláwọ̀, ohun tí a lè pè ní aró ni.

Ohun tó ń jáde láti inú kámẹ́rà kì í ṣe ohun tí a ń wò. Àwòrán òdì ni. Ẹ wo aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Òṣogbo: á fi ìyẹ́ adìyẹ tẹ ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sára aṣọ funfun, á sì rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní gba aró. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ló ń dúdú. Ìmọ́lẹ̀ ni aró ti kámẹ́rà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bá fọ́nrán jù ló ń dúdú jù: ojú ọ̀run á dúdú bí èédú, irun dúdú á sì funfun bí òwú. Bí wọ́n bá tún wá tan ìmọ́lẹ̀ gba ara àwòrán òdì yìí kọjá sórí fọ́nrán mìíràn, ohun gbogbo á yí padà sí bó ṣe yẹ.

Nínú orí yìí, fọ́nrán òdì tó ti inú kámẹ́rà wá ni a ó máa pè ní ìyá fọ́nrán. Èyí tí wọ́n tẹ̀ láti ara rẹ̀ fún wíwò ni ẹ̀dà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tó tún ṣe fọ́tòkọ́pì ti fọ́tòkọ́pì náà, á rí i pé nígbà tó bá fi di ẹ̀karùn-ún, lẹ́tà á ti máa wú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sinimá: ohun tí ìyá ní lára kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ tán, ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ tán.

Ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1976 sí 1985, ìyá fọ́nrán sábà máa ń wà lókè òkun, nítorí pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀dà ló ń padà wálé. Olóòtú á kó ẹ̀dà yìí àti ẹ̀rọ agbésinimá sínú mọ́tò, á máa gbé e láti gbọ̀ngàn kan dé òmíràn. Nígbàkigbà tí fọ́nrán bá gba inú ẹ̀rọ kọjá, eyín irin á fà á, eruku á họ ọ́ lára. Ẹ̀dà tó bá ti yí ìlú ká fún ọdún kan ti jìyà.

Kásẹ́ẹ̀tì wá jìnnà sí ìyá fọ́nrán ju ẹ̀dà lọ. Kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀ tí ojú lè rí. Lẹ́búlẹ́bú irin tó jẹ́ ìbátan ìpẹtà ni wọ́n fi kun ike rẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló sì ń to lẹ́búlẹ́bú náà ní ìlà-ìlà bí òwú inú aṣọ. Àwòrán tẹlifísàn wa nígbà náà ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀, irú kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní VHS sì ń sọ nǹkan bí ìdajì ohun tó yẹ kó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan nù. Bí a bá ka àwòrán sí tótòtó, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń tò jọ láti fi ya àwòrán, ojú àwòrán kan lára VHS kò ju nǹkan bí 200,000 tótòtó lọ. Bí wọ́n bá ka ìyá fọ́nrán tó fẹ̀ ní mìlímítà 35 sínú kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 4K, ó lé ní mílíọ̀nù 12.

Àwọn olè tó da Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì ta eré náà lọ́pọ̀. Ohun tí wọ́n tà kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí kámẹ́rà Ọlá Balógun rí.

Òórùn ẹmu kíkan

Fọ́nrán kì í kú lójijì. Ó ní àwọn àìsàn tirẹ̀.

Títí di nǹkan bí 1951, ike tí wọ́n ń lò ni náítíréètì. Ó ń dán, ó sì ń gbé àwòrán yọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iná. Bí iná bá mú un, omi kò lè pa á, nítorí pé atẹ́gùn tí iná ń jẹ wà nínú ara ike náà. Ìyá fọ́nrán Gone with the Wind wà lára àwọn náítíréètì yìí. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá tútù nílùú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ásítéètì ló gbapò náítíréètì. Kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n ó ń kan. Ẹmu tí a bá gbé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan á kan. Ásíìdì tó ń mú ẹmu kan náà ni ásítéètì ń tú sílẹ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ jẹ́ ká pe àìsàn yìí ní àrùn kíkan. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ásíìdì tó bá jáde á sì tún máa fa òmíràn jáde, pàápàá bí ó bá há sínú agolo tí wọ́n dé pa. Fọ́nrán á sún kì, á ká kò, á sì gan bí èèpo igi. Èéfín rẹ̀ tún ń ran èyí tó wà nítòsí. Àwọn olùtọ́jú fọ́nrán máa ń fi bébà kékeré kan sínú agolo láti fi mọ bí àrùn náà ṣe jinlẹ̀ tó: láti búlúù, bébà náà á di àwọ̀ ewé, á sì di yẹ́lò bí ọ̀ràn bá ti burú.

Ẹ wá wo ojú ọjọ́ wa. Ní Òṣogbo àti Iléṣà, òjò ń rọ̀ fún ìdajì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nílé. Jẹ́látíìnì tó jẹ́ ọmọ ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù á bu bí búrẹ́dì. Jos yàtọ̀. Ìlú náà wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ó sì tutù. Ibẹ̀ ni Ilé-ìpamọ́ Sinimá, Fídíò àti Ohùn ti orílẹ̀-èdè wa wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, sinimá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n gbé e lọ sí Berlin, ilé-iṣẹ́ sinimá Arsenal bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní 2018. Ní Jos yìí kan náà ni ìpín mẹ́sàn-án Doctor Who, eré tẹlifísàn BBC, ti fara hàn. BBC ti pa ti ọwọ́ ara wọn rẹ́, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà gba nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀dà tí wọ́n tà sí òkè òkun lórí fọ́nrán ló là á já. Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n tún un ṣe, àwọn èèyàn sì ń rà á wò nínú ilé wọn.

Aró ń ṣá, fàdákà kì í ṣá

Àwọ̀ ni àdììtú tó kù. Aṣọ àrán Scarlett ṣì ń dán nígbà tí ọ̀pọ̀ sinimá 1970 sí 1982 ti ń pọ́n bí ẹni tó kun osùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn rẹ̀ yani lẹ́nu: kámẹ́rà Technicolor tí wọ́n fi ya Gone with the Wind kò fi àwọ̀ kankan sára fọ́nrán. Gíláàsì kan wà nínú rẹ̀ tó ń pín ìmọ́lẹ̀. Fọ́nrán dúdú-òun-funfun mẹ́ta ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń ṣàkọsílẹ̀ pupa inú ìran náà, èkejì àwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta búlúù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà, wọ́n á ṣe fọ́nrán mẹ́ta bí òǹtẹ̀, wọ́n á ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú aró tirẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ wọ́n tẹ̀lé ara wọn sórí fọ́nrán kan ṣoṣo. Aládìrẹ á lóye iṣẹ́ yìí kíákíá. Nítorí náà, fàdákà ni ìyá fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fàdákà kì í ṣá bí aró.

Ní 1950, Eastman Kodak mú ọ̀nà tó rọrùn wá. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni, àmọ́ aró mẹ́ta wà lára rẹ̀ ní ìpele-ìpele: búlúù tó fara jọ ewé, pupa òdòdó, àti yẹ́lò. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Technicolor, kámẹ́rà rẹ̀ sì fúyẹ́. Irú ọ̀nà yìí ló gbòde títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Ọlá Balógun ya Àjàní Ògún ní 1976, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love ti jẹ́ ọ̀dọ́ ọdẹ tó ń bá olóṣèlú jà, tí Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo náà sì kópa, ayé ti kọjá fọ́nrán mẹ́ta. Ṣùgbọ́n aró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dàgbà bákan náà. Lára àwọn ẹ̀dà ìgbà yẹn, búlúù ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá lọ, kódà nínú òkùnkùn agolo. Pupa òdòdó ló ń gbẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí igbó fi ń dà bí ẹni tí wọ́n fi osùn pa.

Technicolor náà ní ìṣòro tirẹ̀. Fọ́nrán mẹ́ta tó ń gbó ń sún kì, ìsúnkì wọn kò sì dọ́gba. Bí wọ́n bá tún gbé wọn lé ara wọn, á dà bí òfì tí aláránṣọ so pọ̀ tí ìlà rẹ̀ kò bára mu: etí ètè á yọ pupa, etí irun á yọ búlúù. Fún DVD tó jáde ní 2004, Warner Bros. ka fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fà wọ́n, kó máa tẹ̀ wọ́n, títí etí wọn fi pàdé. Àwòrán tó jáde mú ju ti ẹ̀dà ìgbà náà lọ, nítorí pé ẹ̀rọ títẹ̀ ọdún 1939 pàápàá kò lè tò wọ́n pé tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ Òṣómàáló

Ká ní wọ́n ti rí ìyá fọ́nrán. Kí ló kàn?

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á tú fọ́nrán lórí tábìlì, wọ́n á lẹ ibi tó ti ya, wọ́n á tún ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ti fọ́ ṣe, wọ́n á sì fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ akàwòrán, tí yóò dá ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró, tan ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá, tí yóò sì yà á sínú kọ̀ǹpútà. Bí ike náà bá ní ìlà tí nǹkan họ sí i lára, wọ́n lè jẹ́ kó gba inú omi oògùn kan kọjá bí wọ́n ṣe ń yà á. Ẹni tó ti da omi sórí gíláàsì tó họ rí mọ ọgbọ́n yìí: omi á wọ inú ojú ibi tó họ, ìlà á sì pòórá lójú títí omi yóò fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ojú àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 1,440, sinimá wákàtí kan ààbọ̀ sì jẹ́ 129,600. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí à ń pè ní Òṣómàáló máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni atúnsinimáṣe ń lóṣòó ti ojú àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà ń bá a ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, nípa ọgbọ́n ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Eruku tó bà sára ojú àwòrán kan kì í sí lára èyí tó ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tó tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà á bi àwọn méjèèjì léèrè. Bí méjèèjì bá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré ló wà níbẹ̀, tí ti àárín nìkan ní àmì dúdú ni, ti àárín ló ń parọ́, wọ́n á sì yá ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ara àwọn ẹlẹ́rìí bò ó. Àmọ́ nǹkan tó bá ń sáré lóòótọ́ náà ń fara hàn lójú àwòrán kan kó tó pòórá: ẹ̀kán òjò, iná tó ń ta pàrà, ọfà tó ń fò. Bí ènìyàn kò bá jókòó tì í, ẹ̀rọ á pa òjò rẹ́ kúrò nínú ìran òjò.

Ewu kan náà wà nínú wóró fàdákà tàbí wóró aró. Wọ́n ń mì tìtì lójú àwòrán bí iyanrìn, àwọn kan á sì fẹ́ fọ̀ wọ́n nù pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn wóró náà ni àwòrán. Bí wọ́n bá fọ̀ wọ́n jù, ilà ojú, ihò irun àti òógùn á bá wọn lọ, òṣèré á wá dà bí ọmọláńgidi oníke.

Àwọ̀ ló tẹ̀lé e. Bí búlúù bá kù díẹ̀ lára fọ́nrán, kọ̀ǹpútà lè gbé èyí tó kù ga. Bí kò bá kù rárá, kò sí ohun tí yóò gbé. Ẹni tó ń to àwọ̀ nílò ẹlẹ́rìí tirẹ̀: ayàwòrán tó ṣì wà láàyè, aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú eré, tàbí ẹ̀dà àtijọ́ tí kò tíì ṣá. Ohùn náà wà lára fọ́nrán, bí ìlà funfun tó ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kà á, èéri tó bá wà lára rẹ̀ ló sì ń dún bí ẹ̀pà tí a ń yan nínú agbada.

Ìgbẹ̀yìn ni gbígbé e délé. DVD gba ìlà 576, Blu-ray gba 1,080, àwo 4K gba 2,160. Nítorí pé sinimá tí wọ́n tún ṣe tóbi ju àwo lọ, wọ́n á fún un pọ̀: ẹ̀rọ á kọ ojú àwòrán kan sílẹ̀ ní kíkún, á sì máa kọ ohun tó yí padà nìkan nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Bí Scarlett bá jókòó, tí ẹnu rẹ̀ nìkan ń mì, ẹnu náà nìkan ni wọ́n ń kọ.

Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ eré wa wà ní ipò yìí. Ohun tí a lè ṣe kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Wọ́n lè fọ kásẹ́ẹ̀tì náà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó dára kà á, kí wọ́n sì mú ìlà tó ń mì dúró. Bí wọ́n bá rí kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún eré kan náà lọ́wọ́ ìdílé márùn-ún, ọgbọ́n ẹlẹ́rìí tún lè ṣiṣẹ́: àríwo tó wà lára ọ̀kan kì í sí níbi kan náà lára òmíràn, ohun tí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni àwòrán.

Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ń ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gba ojú tó ti di èéfín, á sì dá ojú tó mọ́ kedere padà. Ibo ló ti rí i? Láti inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ilà tó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Sàlá lè má sí níbẹ̀ rí, ìmọ́lẹ̀ bíntín tó fi sára gíláàsì ojú rẹ̀ gbàǹgbà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ó ya àwòrán tuntun ni, kò tún ti àtijọ́ ṣe.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn atúnsinimáṣe fi máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ẹrù àti nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́nrán lókè òkun. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan ní Iléṣà tàbí Òṣogbo, níbi tí agolo irin pẹlẹbẹ kan wà lórí àjà lábẹ́ páànù gbígbóná. Ẹni tó bá bá a pàdé, kó gbé e sọ̀kalẹ̀ sí ibi tó tutù tí kò sì ní ọ̀rinrin, kó ṣí i nínú atẹ́gùn, kó gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ẹmu kíkan, kó yà á kúrò lára àwọn tó kù. Bó bá ti bu, kó má ṣe ki í bọ inú ẹ̀rọ kankan. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì wo etí fọ́nrán náà lójú ìmọ́lẹ̀: bí irun òṣèré inú rẹ̀ bá funfun, tí eyín rẹ̀ sì dúdú, òdì ni.